Àpò Kòkó Lẹ́yìn Àlejò

Inú ti ń bí Fẹ́yìsayọ̀ kí ẹṣin tó dé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má di ẹ̀bi ru ẹṣin. Ní gbogbo Omifunfun ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ hó nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà ní yunifásítì ń jẹ́ Inúmidùn, Ìyá Inúmidùn sì ni gbogbo ayé ń pè é. Àwọn ọlọ́kadà a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ẹni tí inú rẹ̀ kì í dùn ni Ọlọ́run fún nírú orúkọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pẹ̀tù sí i, wọ́n á ní sùúrù ni baba ìwà. Fẹ́yìsayọ̀ á ní kí wọ́n bá òun kí baba náà.

Ìbínú náà ní gbòǹgbò, orúkọ gbòǹgbò náà sì ni Olúrótìmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Nígbà tí bàbá wọn kú, Fẹ́yìsayọ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, Rótìmí sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ pólì. Rótìmí wálé, ó pe ìpàdé tí òun nìkan sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti oko kòkó kí ẹnì kejì lè kàwé yanjú. Kò bi àbúrò rẹ̀ bóyá ó gbà. Ó gba báàgì ìwé lọ́rùn rẹ̀, ó fi àdá lé e lọ́wọ́. Kòkó tí ọmọdébìnrin yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ já ni Rótìmí fi jáde pólì, òun ló fi dé Èkó, òun ló fi di ọ̀gá. Kò sọ pé "o ṣeun" rí. Kò sọ pé "má bínú" rí. Bó bá wálé lọ́dún, yóò kó ìrẹsì àti aṣọ wá, yóò pariwo, yóò rẹ́rìn-ín, yóò fún gbogbo ará ilé ní nǹkan, yóò sì padà lọ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ ẹni tó gbà pé bí òun bá ti fa nǹkan, nǹkan náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òun ni.

Lọ́dún yìí, wọ́n mú Rótìmí fún oyè kan ní Odigbo, wọ́n sì fi ìwúyè rẹ̀ sí ẹ̀yìn Kérésìmesì. Inú ẹbí dùn. Inú Fẹ́yìsayọ̀ pàápàá ti fẹ́ẹ́ dùn, àfi ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó màlúù lọ sí kára, ọjà ẹran Ore, yà kúrò lójú títì márosẹ̀, tó gba ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ wọ Omifunfun, tó sì sọ ọmọ ẹṣin kan kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà oko rẹ̀. Ẹṣin pupa ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, ó sì ń gbọ̀n látòkè délẹ̀. Gàzálì tó ni ọkọ̀ ní Rótìmí ló rán òun rà á bọ̀ láti òkè Ọya, pé òun ni olóyè yóò gùn wọ ìlú.

Fẹ́yìsayọ̀ gbé fóònù, kò tilẹ̀ kí i.

"Bọ̀dá mi, kí ni kí n fi ẹṣin ṣe nínú oko kòkó?"

"So ó mọ́lẹ̀, kó máa jẹko títí n ó fi dé."

"Ẹṣin ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe ewúrẹ́."

"Fẹ́yì, ohunkóhun tó bá ti ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, okùn ni wọ́n fi ń mú un." Rótìmí rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù.

Kí ni ọmọ Ìkálẹ̀ tó ń gbin kòkó àti ẹ̀gẹ́ mọ̀ nípa ẹṣin? Ewúrẹ́ ni wọ́n mọ̀. Fẹ́yìsayọ̀ ṣe gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ewúrẹ́: ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ó wọ́ ọ. Ẹṣin fi ìdí lélẹ̀, ó fà sẹ́yìn. Fẹ́yìsayọ̀ fi gbogbo ara fà á. Ẹṣin na orí sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, okùn sì já gbà lọ́wọ́ obìnrin náà, ó bó o láwọ àtẹ́lẹwọ́. Bó ṣe di pé ó ṣa igi nílẹ̀ nìyẹn. Ó ti gbé igi náà sókè, ó ń bú ẹṣin, ó ń bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nígbà tí ọ̀kadà kan dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá, ẹ kọ́kọ́ sọ igi yẹn nù ká tó kíra," ni bàbá arúgbó tó sọ̀ kalẹ̀ wí.

Ubaydullah ni, bàbá Gàzálì. Ọmọ Ìlọrin ni, ibi tó ti bá ẹṣin dàgbà, kó tó di pé ó tẹ̀dó sí Ore. Iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí ni kó máa jókòó ní gáréèjì, kó máa parí ìjà àwọn awakọ̀. Ó ní òun gbọ́ pé ọmọ òun gbé ọmọ ẹṣin fún àwọn tí kò mọ ẹṣin, oorun ò sì kun òun.

"Ta lẹ̀ ń bá jà?" ó bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

Bàbá náà nàka sí ẹṣin. "Ṣé òun rèé?"

"Rárá."

"Òun ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú tiẹ̀, òun lẹ̀ ń bá jà."

Fẹ́yìsayọ̀ sọ igi náà nù, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú ìfẹ́.

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ubaydullah tú okùn ọrùn, ó hun òmíràn tó gba ẹ̀yìn etí kọjá sí imú ẹṣin, tí kò fún un lọ́fun. Ó ní kí wọ́n dá iná elééfín sítòsí ibi tí yóò máa sùn, nítorí eṣinṣin inú igbó a máa pa ẹṣin, ó sì mú dókítà ẹran wá láti Ore tó gún un lábẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi okùn lé Fẹ́yìsayọ̀ lọ́wọ́.

"Bí ẹ bá fà á, á fà yín. Agbára rẹ̀ ju tiyín lọ, kò kàn tíì mọ̀ ni. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀. Ẹ fa okùn díẹ̀, kí ẹ dúró. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan péré sọ́dọ̀ yín, ẹ dẹ okùn lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe fífà ló ń kọ́ ẹṣin lẹ́kọ̀ọ́, dídẹ̀ ni."

"Bí kò bá wá ńkọ́?"

"Ẹ dúró dè é. Bó bá kẹ́yìn sí yín, kò gbà nìyẹn. Bó bá kọjú sí yín, kódà kó máa jẹ koríko, ó ń rò ó."

Ìdúró yìí gan-an ni ìyà fún Fẹ́yìsayọ̀. Láti ilé títí dé oko ni yóò ti máa bá Rótìmí jà nínú ọkàn rẹ̀, bó bá sì gbé ìjà náà wọ inú ọgbà, ẹṣin á da etí sẹ́yìn, á sì lọ dúró sí ìpẹ̀kun okùn. Kò ní láti pariwo. Kó kàn mí kíkankíkan ni ẹran náà á ti mọ̀. Nígbà tó rí i pé kò sí ọ̀nà tí òun lè gbà tan ẹṣin jẹ, ó wá kùkùté ọ̀pẹ kan tí ikán ti jẹ lẹ́nu ọ̀nà oko. Láràárọ̀, á dúró níwájú kùkùté náà, á bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ́rùn, á bú oyè rẹ̀, á bú gíláàsì dúdú tó máa ń wọ̀, á pòṣé, lẹ́yìn náà ni yóò wá wọlé sọ́dọ̀ ẹṣin. Bí kùkùté bá ń rojọ́, Rótìmí ì bá ti sá kúrò nílùú.

Àlejò ló sọ ẹṣin náà, nítorí pé wọn kò ránṣẹ́ sí i kó tó wá. Díẹ̀díẹ̀ ni Àlejò ń gbà. Ó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn láìtẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró bí Fẹ́yìsayọ̀ bá ti wí pé "dúró," kó fẹ̀yìn rìn bó bá fi ọwọ́ kan án láyà, kó gbé ẹsẹ̀ fún un kó yọ òkúta kúrò ní pátákò rẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ mú un lọ sétí ọ̀nà kó lè gbọ́ ariwo ọ̀kadà, ó sì dúró tì í, ó ń fọwọ́ pa á lọ́rùn, títí ọ̀kadà fi di nǹkan lásán lójú rẹ̀. Àwọn ará oko tó ń kọjá a máa wo obìnrin oníbìínú yìí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sétí ẹran. Ẹnì kan ní kó kúkú sọ irú rẹ̀ fún àwọn náà. Ó ní kí onítọ̀hún kọ́kọ́ hu ìrù ná.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ àpò. Ubaydullah ní ẹṣin tó bá máa gbé gàárì lọ́jọ́ iwájú, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan tó bá wà lẹ́yìn òun kì í ṣe ẹkùn. Gàárì kò sí. Àpò kòkó ló wà. Fẹ́yìsayọ̀ mú àpò òfìfo, ó fi nu Àlejò lára, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé e lẹ́yìn, ó gbé e kúrò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àlejò fò sókè bí ẹni tí tanípẹ́pẹ́ jẹ. Nígbà tó yá, ó ń tòògbé lábẹ́ àpò. Fẹ́yìsayọ̀ wá ki ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ sínú rẹ̀ kó lè wú, kó sì máa dún, kí ojú àti etí ẹṣin lè mọ̀ ọ́n. Àpò náà rí rùmúrùmú, ṣùgbọ́n ọmọdé lè fi ìka kan gbé e.

"Gàárì kọ́ nìyí o," ni Ubaydullah wí. "Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì gbó. Ó di ọdún tó ń bọ̀ kí ènìyàn tó jókòó síbẹ̀, kí ẹni náà sì jẹ́ ẹni tó fúyẹ́."

Fẹ́yìsayọ̀ sọ èyí fún Rótìmí lórí fóònù. Rótìmí ní òun ti gbọ́. Kí ènìyàn máa bá Rótìmí sọ̀rọ̀, dída omi sẹ́yìn igbá ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlọ́kadà kan ń kọjá, ó rí Àlejò tó ń rìn pẹ̀lú àpò wíwú lẹ́yìn, ó yà á sínú fóònù, ó sì fi ránṣẹ́. Ẹbí gbé e kiri orí wásáàpù. Ní ilẹ̀ wa, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí àpò kòkó tó kún ń wọ̀n. Gìrìpá ọkùnrin ń gbé e, ọrùn rẹ̀ ń wọnú. Ohun tó bá ti lè ru àpò kòkó, kò tún sí ẹrù tí a lè fi dẹ́rù bà á mọ́. Gbogbo ẹni tó wo àwòrán náà, títí kan Rótìmí, ló ń wí pé ẹṣin olóyè ti gbó, ẹṣin olóyè ti ń kó kòkó. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó wà nínú àpò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Fẹ́yìsayọ̀ ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, Bíbélì wà ní abíyá rẹ̀, nígbà tó rí ọkọ̀ dúdú ńlá lẹ́nu ọ̀nà oko. Ó gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin. Ó gbọ́ igbe ẹṣin, irú èyí tí kò gbọ́ rí. Ó ká ìró sókè, ó sáré.

Rótìmí wà lórí Àlejò. Gbogbo ara rẹ̀ ló gbé lé ẹran kékeré náà lẹ́yìn, lórí gàárì onígi tó yá bọ̀ láti Ore, gíláàsì dúdú wà lójú rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń yà á, ọkùnrin kan tí wọ́n gbà wá sì dúró lẹ́yìn pẹ̀lú kòbókò. Àlejò dúró. Ohun tó ba Fẹ́yìsayọ̀ nínú jẹ́ jù lọ nìyẹn, ohun náà ni kò sì jẹ́ kó sùn fún ọ̀pọ̀ òru: ẹsẹ̀ ẹran náà ń gbọ̀n lábẹ́ ẹrù, ojú rẹ̀ ti yọ, ṣùgbọ́n ó dúró, nítorí pé òun Fẹ́yìsayọ̀ ló kọ́ ọ pé bí nǹkan bá wà lẹ́yìn rẹ, dúró, kò sí ewu.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀!" ó pariwo. "Bọ̀dá Rótìmí, ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Rótìmí juwọ́ sí i. Ó rò pé ó ń hó ìhó ayọ̀ ni. Ó fi gìgísẹ̀ gún ẹṣin nínú, oníkòbókò sì na án lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Wọn kò kàn sọ fún Rótìmí pé orí òkìtì èèpo kòkó tó ti rà ni tirẹ̀ yóò bọ́ sí. Àlejò já wọ inú oko, gàárì ń gbá a nínú, okùn sì há mọ́ igi kòkó, ó wó lé eékún. Nígbà tó dìde, ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹran burúkú!" Rótìmí ń gbọn èèpo kòkó kúrò lára. "Ẹ pe alápatà ní kára. Kí wọ́n wá gbé e kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Mo máa wá òmíràn."

Fẹ́yìsayọ̀ dúró níwájú rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti bí i, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ìwọ" rí.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, o ò ní tà á. Bí alápatà bá wá, kó mú okùn méjì dání, nítorí èmi náà ló máa wọ́ lọ."

Ẹnu ya àwọn ọ̀rẹ́. Rótìmí wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní orí àbúrò òun ti dàrú lórí ọ̀rọ̀ ẹran lásán, ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Fẹ́yìsayọ̀ wọ inú oko lọ bá Àlejò. Ó pè é. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àlejò fi ẹ̀yìn rìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ìdí rẹ̀ fi kan igi. Ó na ọwọ́ sí i, ọwọ́ tó ti ń bọ́ ọ ní àgbàdo láti ọjọ́ yìí wá, ẹran náà sì yí ẹ̀yìn sí i. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára, ó sunkún ìbínú, èyí tó máa ń gbóná lójú ju ti ìbànújẹ́ lọ. Lọ́jọ́ náà, kùkùté ọ̀pẹ kò gba ìbínú rẹ̀ tán. Ó bú u, ó ta á ní ìpá, kùkùté wó.

Alápatà ò dúró di ìparí ọ̀sẹ̀ kó tó tẹ Fẹ́yìsayọ̀ láago pé òun ń bọ̀ wá mú ẹṣin. Nígbà náà ni Fẹ́yìsayọ̀ gun ọ̀kadà lọ sí ilé ẹbí ní Odigbo, níbi tí Rótìmí àti Bàbá Akínwọlé, olórí ẹbí wọn, ti ń gbìmọ̀ ìwúyè. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bàbá, ta ló ń wẹ ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ joyè nínú ilé yìí?"

Ìbéèrè náà ya bàbá lẹ́nu. "Àbí o ti gbàgbé? Ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin ni. Òun ló ń bu omi tútù wẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ kó tó tẹ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí wọn ò bá wẹ̀ lẹ́sẹ̀ kò jáde."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Mi ò ní wẹ̀ ẹ́."

Rótìmí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹlòmíràn á wẹ̀ ẹ́."

"Ta ni ẹlòmíràn?" ni Bàbá Akínwọlé bi í. "Ìyá rẹ bí ẹlòmíràn ni?"

Ẹ̀rín náà gbẹ. Rótìmí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àwọn àlejò tó ti pè, nípa àgọ́, nípa ojú tí yóò tì í. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó wá bi Fẹ́yìsayọ̀ ohun tó ń fẹ́. Fẹ́yìsayọ̀ ti dì í sínú láti Omifunfun.

"Kí ó má ta ẹṣin náà. Kí ó má gùn ún lọ́jọ́ oyè. Kí ó sì wá sí oko, òun alára, kó tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ẹran yẹn ò sún mọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́jọ́ tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá a, láìfà á, láìnà án, lọ́jọ́ náà ni mo máa bu omi."

"Nítorí ẹṣin?" Rótìmí dìde. "Fẹ́yì, nítorí ẹṣin?"

 Bàbá Akínwọlé wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Àgbàlagbà náà wà níbi ìpàdé tí Rótìmí nìkan ti sọ̀rọ̀ láyé ọjọ́sí, kò sì sọ nǹkan kan níjọ́ náà. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ó wí nígbẹ̀yìn. "Rótìmí, lọ sí oko."

Ó lọ, ó ń ráhùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàtà aláwọ dídán ló wọ̀ wá. Ó di okùn mú, ó fà. Àlejò fà. Ó bú ẹṣin, ẹṣin kẹ́yìn sí i.

"Ẹ dẹ okùn," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí láti ibi tó ti ń fi igi tú kòkó tó sá sórí ẹní.

"Bí mo bá dẹ̀ ẹ́, á lọ."

"Ẹ jẹ́ kó lọ."

"Kí wá ni mo mú okùn dání fún?"

"Kó lè mọ̀ pé ẹ lè fà á, ẹ ò sì fà á."

Ó sọ okùn sílẹ̀, ó bínú lọ. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá. Ubaydullah wá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó rí i bó ṣe ń làágùn, ó rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní àwọn awakọ̀ Ore sàn jù ú lọ. Lójoojúmọ́ ni Rótìmí ń wá, lójoojúmọ́ ni ìdí ẹṣin ń kí i. Ó gbé àgbàdo wá, Àlejò kò jẹ ẹ́. Ó gbé iyọ̀ wá, Àlejò lá a nígbà tó ti lọ tán. Gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe fún ará ilé ló ń ṣe fún ẹṣin, ó ń kó nǹkan wá. Inú Fẹ́yìsayọ̀ ń bí i bó ṣe ń wò ó, nítorí ó mọ ọgbọ́n yẹn dáadáa. Òun náà ní àpótí tó kún fún aṣọ.

Kérésìmesì kọjá. Ìwúyè ku ọ̀la. Ní àárọ̀ náà, Rótìmí wọ sálúbàtà wá, kò wọ gíláàsì dúdú, kò mú fóònù dání. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó di ìpẹ̀kun okùn mú, ó jẹ́ kí ìyókù rọ̀ sílẹ̀, ó jókòó lórí òkúta. Oòrùn ti ràn wọ inú oko kòkó kí ó tó lanu, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Fẹ́yìsayọ̀ fi dáwọ́ kòkó títú dúró.

"Má bínú," ni Rótìmí wí fún ẹṣin. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Mi ò bi ọ́. O ṣì kéré, mo sì di ẹrù tó jù ọ́ lọ lé ọ lẹ́yìn, nítorí mo ń kánjú dé ibi tí mò ń lọ. O dúró fún mi, mi ò sì rí i. Jọ̀ọ́, má bínú."

Àlejò yí ojú padà. Ó dúró, ó wò ó, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Rótìmí kò fa okùn. Ó tún gbé òmíràn. Ó rìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, ó sì na imú sí i lọ́wọ́.

Inú Rótìmí dùn bí ọmọdé. "Fẹ́yì! Ṣé o rí i? Ó ti dárí jì mí!"

Fẹ́yìsayọ̀ ti dìde. Ìgbà tí wọ́n gba báàgì lọ́rùn rẹ̀ kò bínú tó báyìí.  Ó ti gbà láti ọjọ́ pípẹ́ pé ahọ́n ẹ̀gbọ́n òun kò lè pe ọ̀rọ̀ náà, bí ahọ́n ẹlòmíràn kò ṣe lè pe orúkọ kan. Ó ti fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú. Ahọ́n rẹ̀ lè pè é, dájúdájú. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ẹṣin ló sì bù ú fún.

"Ẹ tún un sọ," ó wí.

"Kí ni?"

"Èyí tí ẹ sọ fún ẹṣin."

Rótìmí fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó wo ọwọ́ tó di igi ìtúkòkó mú, ọwọ́ tó ti le bí èèpo igi. Ó wo àdá tó fi ti ògiri abà. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán padà wá bá a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Fẹ́yìsayọ̀ sì rí i bó ṣe ń dé ojú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sọ́dọ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́. Fẹ́yìsayọ̀ fi ẹ̀yìn rìn.

Rótìmí àtijọ́ ì bá tẹ̀ lé e. Ì bá gbá a mọ́ra pẹ̀lú ariwo, ì bá ṣèlérí nǹkan fún un. Ọkùnrin náà dúró níbi tó wà. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Fẹ́yì, má bínú," ó wí. "Mi ò bi ọ́. O ṣì kéré."

 Àlejò gbé orí, ó wo àwọn méjèèjì, ó tún tẹ̀ ẹ́ sínú koríko.

"Ọ̀la, mo máa wẹ ẹsẹ̀ yín," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ le. "Mo ti ṣèlérí. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ yín rìn wọ ìlú, èmi á sì mú Àlejò tẹ̀ lé yín. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó ti tán. Ti ẹṣin yá. Àìpẹ́ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ yín. Èmi ti mọ̀ yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ dúró síbẹ̀."

Rótìmí dúró síbẹ̀, okùn rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ padà sí ìdí kòkó rẹ̀, ó ń tú u, inú ń bí i síbẹ̀, ó sì ń pòṣé. Ṣùgbọ́n kò kẹ́yìn sí i.